Àwọn Ṣọ́jà Inú Ẹ̀jẹ̀ Màmá

Láyé ìjọba ológun, lórí bẹ́ǹṣì ilé ìwòsàn kan ní Ilé-Ifẹ̀, mo gbọ́ bí ìyá àgbà kan láti Ẹdúnàbọ̀n, tí ọ̀kadà gbé ṣubú tí eegun òkè apá rẹ̀ kán, ṣe ń bá dókítà ọ̀dọ́ kan tó ń ṣe ìwádìí sọ̀rọ̀.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n gba ẹ̀jẹ̀ yín díẹ̀. Àwọn ṣọ́jà kan wà nínú ẹ̀jẹ̀ tó ń bá àrùn jà. Bí wọ́n ṣe ń rọ ohun ìjà wọn ni mo ń wádìí."

"Ṣọ́jà, nínú ẹ̀jẹ̀ tèmi? Ta ló dìbò yàn wọ́n?"

Dókítà bojú wẹ̀yìn, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Irú ìyẹn kọ́, mà. Àwọn wọ̀nyí ń ṣiṣẹ́."

"Kí ló dé tí ẹ kò tíì to apá mi?"

"Iṣẹ́ abẹ ni, mà. Wọ́n á fi irin de eegun náà. Iná ni kò sí."

"Iná wà níbi tí o ti fẹ́ yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò?"

"Jẹnẹrétọ̀ wà níbẹ̀, mà. Ti ìwádìí ni."

"Lọ fa wáyà wá láti ibẹ̀. Lẹ́yìn náà, wá kó ṣọ́jà rẹ."

Dókítà jáde. Nígbà tó yá, a rí òun fúnra rẹ̀ tó ń fa wáyà gba ojú fèrèsé lọ sí yàrá iṣẹ́ abẹ.

Bí wọ́n ti ń ti màmá wọlé lórí bẹ́ẹ̀dì, ó na apá kejì sí dókítà.

"Kó wọn, ọmọ mi. Ṣáà má jẹ́ kí wọ́n gba ìjọba mọ́ ọ lọ́wọ́."