Ẹnu Mi Nìkan Lẹ Gbọ́

Ẹ jókòó, ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àǹtí Ìyẹ̀fun, ẹ bá mi fa àga yẹn sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì fún Ẹnjiníà, kí wọ́n má baà kọsẹ̀. Dókítà ti sọ ojú abẹ níkòó fún mi: àìsàn yìí ló máa gbé mi lọ. Irọ́ tí mo rán níṣẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, òtítọ́ ti lé e bá, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ jọ gbọ́ ọ.

Nígbà tí Màmá tó dá ilé iṣẹ́ búrẹ́dì wa sílẹ̀ ń fẹ̀yìn tì, ẹ̀yin ni wọ́n fi ṣe olórí: Àǹtí lórí ṣíṣe búrẹ́dì, Bọ̀ọ̀dá Ọjà lórí títà á, Ẹnjiníà lórí ààrò àti ẹ̀rọ. Iṣẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n gbé lé èmi lọ́wọ́. Wọ́n ní, "Gbogbo àárọ̀ Mọ́ńdè, kó wọn jọ sí yàrá kan. Má jẹ́ kí wọ́n dìde títí oníkálukú fi máa fẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tẹ́ ẹ jọ ń lépa. Ojú lọ̀rọ̀ wà."

Ìpàdé méjì péré la ṣe. Ní ìkejì, Bọ̀ọ̀dá gbá tábìlì, Àǹtí ní àwọn kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ẹnikẹ́ni. Èmi ò lè gba ariwo. Mo ní kí oníkálukú jókòó sí ọ́fíìsì rẹ̀, èmi ni màá máa rìn yí ká. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ Bọ̀ọ̀dá, màá ní àwọn yòókù ti gbà tiyín. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ Àǹtí, màá ní tiwọn náà làwọn yòókù gbà. Ilé wá tòrò, ẹ sọ mí ní Onílàjà. Ó dùn mọ́ mi, kí n má purọ́ kún irọ́. Èmi tí mi ò mọ ìyẹ̀fun ún pò, ẹnu mi ni gbogbo yín ń dúró dè.

Lọ́jọ́ kan, Ẹnjiníà pè mí. Wọ́n ní páìpù gáàsì ààrò ńlá ń jò. "Bá mi sọ fún wọn, kí wọ́n má tan án ní Mọ́ńdè. Mo máa wọ inú ẹ̀ lọ tún un ṣe." Ọjọ́ yẹn náà ni Bọ̀ọ̀dá gba iṣẹ́ búrẹ́dì àwọn ilé ìwé, wọ́n fẹ́ ìlọ́po méjì láti Mọ́ńdè kan náà. Ká ní mo kó yín jọ ni, ìjà ìdajì wákàtí ni. Ẹ̀rù ìjà yẹn ló bà mí, òpònú tí mo jẹ́. Mo sọ fún Ẹnjiníà pé, "Wọ́n ti gbà, ẹ wọ inú ààrò lọ." Mo sọ fún Àǹtí pé, "Ẹnjiníà ní ààrò ò níṣòro, ẹ tan án." Mo rò pé màá wá nǹkan ṣe sí i kílẹ̀ ọjọ́ náà tó mọ́. Mọ́ńdè dé, mi ò rí nǹkan kan ṣe, mo bá mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́ dé ibi iṣẹ́.

Àǹtí, ẹ̀yin lẹ ṣáná sí i. Ẹ ò mọ̀ pé èèyàn wà nínú ẹ̀.

Ìyẹn gan-an kọ́ ló burú jù. Ní ọsibítù, pẹ̀lú báńdéèjì lójú, Ẹnjiníà bi mí pé, "Ṣebí o ní wọ́n ti gbà?" Ẹ̀yin méjèèjì yíjú sí mi. Mo ní, "Mo ní kẹ́ ẹ dúró dè mí ná, kí n lọ mú èsì wá." Mo yára sọ fún Àǹtí pé kí Ẹnjiníà tó rí i pé páìpù ń jò ni wọ́n ti ní ààrò ò níṣòro. Ẹnjiníà wá ní, "Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìwàǹwára mi pọ̀. Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú." Ẹni tí iná jó lójú ló ń tọrọ àforíjì, èmi sì dúró síbẹ̀, mo ń mi orí bí ẹni tó ń ṣàánú. Láti ìgbà náà, Àǹtí ò fọwọ́ kan ìṣáná mọ́. Ẹnjiníà sì ń sọ fáwọn ọmọ wọn pé ìkánjú àwọn ló fọ́ àwọn lójú. Mo ti jókòó nílé wọn, mo gbọ́ ọ, mo sì ń jẹun lọ.

Mi ò lójú àti bẹ̀bẹ̀. Nǹkan kan ni mo ń tọrọ. Ẹ má jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ má sì rán ẹnikẹ́ni sí mi. Bẹ́ ẹ máa dárí jì mí, bẹ́ ẹ máa ṣẹ́pè fún mi, ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ níbi tẹ́ ẹ jókòó sí yìí, kí àwọn méjì tó kù gbọ́. Ẹnjiníà, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.