Jẹ́sì Tí Bàbá Wọ̀ Sódì

Nínú mọ́tò tó ń ti Òṣíẹ̀lẹ̀ bọ̀ ní Kútọ̀ ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu bàbá kan tó wọ jẹ́sì sódì àti ọ̀dọ́kùnrin tó jókòó tì í. Tẹ́lẹ̀, mo máa ń béèrè orúkọ ẹni tá a bá jọ wọkọ̀, ṣùgbọ́n látìgbà tí Làmídì àbúrò mi ti kú, ó ti rẹ̀ mí.

Ọ̀dọ́kùnrin náà ní, “Bàbá, ẹ jẹ góòlù méjì ṣáájú, wọ́n dá mẹ́ta padà! Àbájọ tẹ́ ẹ fi yí jẹ́sì sódì.”

“Ẹnu yín ni mò ń sá fún.”

“Ẹ kúkú fi ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù yín yìí sílẹ̀. Ìgbà wo ni wọ́n ti ń dójú tì yín bọ̀?”

“Kí ìyàwó mi tó bí àkọ́bí wa ni. Kò mọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n tí wọ́n bá ti nà wá, ẹnu ọ̀nà ló ti máa ń pàdé mi: ‘Ẹ kú ìrọ́jú, olówó orí mi.’ Ọdún yìí ló kú. Wọ́n ṣì ń nà wá, ọmọ mi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kí mi mọ́.”

Nígbà tí bàbá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ ní Àsẹ̀rò, ọ̀dọ́kùnrin náà rọra ní, “Ẹ kú ìrọ́jú, sà.”

Bàbá ní, “O ṣeun. Sátidé tó ń bọ̀, wọ́n á tún nà wá. Wá kí mi o.”