Ilẹ̀kùn Tó Ń Lọ sí Kóòtù

Nígbà tí gbogbo èèyàn ń ra mọ́tò l'Onitsha lẹ́yìn ogun, mo tò fún takisí lẹ́yìn ọkùnrin kan tó gbé ilẹ̀kùn mọ́tò tó ti tẹ̀ dání, àti obìnrin aránṣọ kan tó ń gbé aṣọ oníbàárà lọ sí Odekpe.

"Bọ̀dá, ṣé ọ̀dọ̀ panẹ́bítà tó ń na ara mọ́tò lẹ ń gbé e lọ?" ni obìnrin náà bi í.

"Rárá o, àǹtí, kóòtù ni. Dírẹ́bà tó kọlu ẹ̀gbẹ́ mọ́tò mi ní oríta ń sọ pé èmi ni mo lọ kọlu òun. Ká ní iwájú ló ti gbá mi, ẹ́ńjìnnì ni ì bá kọ́kọ́ gbà á. Ní ẹ̀gbẹ́, ilẹ̀kùn yìí nìkan ló wà láàárín wa. Ẹ wo bí àárín ẹ̀ ṣe wọnú. Adájọ́ á fojú ara ẹ̀ rí i."

"Ẹ ṣeun tí ẹ ò tún un ṣe. Irú ẹ̀ ṣe ọkọ mi. Ojú ń tì í láti gbé mọ́tò tó tẹ̀ lọ bá adájọ́, ló bá ní kí wọ́n nà án, kí wọ́n kùn ún. Adájọ́ ní, 'Níbo ló ti gbá ọ?' Ọkọ mi nawọ́ sí ilẹ̀kùn tó ń dán bíi dígí. Adájọ́ ò gbà á gbọ́, bẹ́ẹ̀ ìbàdí ẹ̀ tó fi gbọgbẹ́ lọ́jọ́ náà ṣì ń dùn ún dòní."

Takisí dé. Awakọ̀ wo ilẹ̀kùn náà, ó ní panẹ́bítà ni àbúrò òun, kò ní pẹ́ tó fi máa nà án.

Obìnrin náà tú aṣọ oníbàárà, ó fi bo ilẹ̀kùn náà bí ẹni bo ọmọ tuntun.

"Ẹ wọlé, bọ̀dá. Kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kàn án títí a ó fi dé kóòtù."