Wọ́n Ní Owú Bàbá Mi Ti Kú

Kí n lọ bẹ̀ wọ́n? Èmi, Ìyá Àgbà? Ẹ jókòó ná, ẹ má dúró sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó wá fọn iná, nítorí ọ̀rọ̀ tí ọmọ yín àgbà rán yín wá sọ yìí, ààbọ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbé fún yín, wọ́n fi ààbọ̀ tó kù há abíyá.

Ṣé wọ́n sọ fún yín pé ilẹ̀kùn ààrò oníbúrẹ́dì já láàárọ̀ òní? Irin tó so ó mọ́ ògiri ló kán sí méjì. Gbogbo ìyẹ̀fun tí ọkùnrin náà ti pò ti ń wú, ó ń yọ́ bọ̀ létí ọpọ́n, ó sì sáré wọ ṣọ́ọ̀bù wa tòun ti ìyẹ̀fun nírùngbọ̀n, ó ní bí irin náà kò bá tẹ òun lọ́wọ́ kí oòrùn tó kan àtàrí, kíkan ni gbogbo rẹ̀ máa kan. Owú ńlá kò ráyè. Ọ̀gá, ọmọ yín àgbà yìí náà, ló wà nídìí rẹ̀, wọ́n ń na irin fèrèsé ilé-ìwé, wọ́n ní àwọn kò ní torí ààrò ẹnì kan da iṣẹ́ rú. Mo ní kò burú. Mo bọ́ sẹ́yìn ilé, mo fa owú kékeré tí bàbá mi ń gbé irin lé lù nígbà ayé wọn jáde lábẹ́ páànù, tòun ti kùkùté rẹ̀, mo gbá eruku ara rẹ̀. Ẹ̀ṣẹ̀ wo ló wà níbẹ̀?

Ṣebí ojú yín náà ni Ọ̀gá ṣe sọ ọ́. Wọ́n ní ọjọ́ tí mo bá ti ní owú tèmi, tó ṣeé lò, ọjọ́ náà ni mo bọ́ lọ́wọ́ ewìrì, kí n lọ dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kí n máa gba iṣẹ́ ara mi. Ọdún mẹ́fà rèé, Ìyá Àgbà. Ọdún mẹ́fà tí mo ń fẹ́ iná, tí mo ń fi ẹmú di irin mú kí ẹlòmíì máa lù ú.

Ọ̀gá wá, wọ́n lu owú náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó dún gbì bí ẹni lu àpò gaàrí. Wọ́n mirí. Wọ́n ní ó ti sán nínú, kí n sún un síta, onírin àlòkù á kọjá nírọ̀lẹ́. Ìyẹn kò dùn mí o. Ẹni tó mọ iṣẹ́ lè ṣi iṣẹ́ mú. Èyí tó dùn mí ni pé wọ́n yíjú sí oníbúrẹ́dì, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní, "Owú yìí ti bá ẹni tó ni ín lọ."

Bàbá mi ni wọ́n ń sọ o. Ọmọ yín. Àbúrò tiwọn, tí wọ́n jọ mu ọmú kan. Lójú oníbàárà.

Hẹ̀n-ẹ́n, mo fèsì, mi ò jiyàn. Ohun tí mo sọ kò ju báyìí lọ: "Ọ̀gá, ẹ gbé e kúrò lórí táyà ná kí ẹ tó sin ín." Ó tán. Oníbúrẹ́dì ló rẹ́rìn-ín, èmi kọ́. Wọ́n wá ní mo bú àwọn.

Táyà tó wà lábẹ́ owú yẹn, Ìyá Àgbà, ta ló ní kí wọ́n gbé e síbẹ̀? Ẹ má wojú òde, èmi lẹ kọjú sí. Ẹ̀yin ni. Ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé nígbà tí mo wà ní ìkókó, owú náà máa ń han bí aago, bí mo bá ti fẹ́ sùn ó ti jí mi. Ẹ bá bàbá mi jà, ẹ ní yálà kí wọ́n dí i lẹ́nu, tàbí kí wọ́n pọn ọmọ wọn kí wọ́n máa lu irin. Bàbá mi gé táyà sí i nídìí, wọ́n fi ṣéènì dè é mọ́ kùkùté bí ẹni de olè, kí èmi lè rí oorun sùn. Ta ló bá wọn di ṣéènì náà mú? Ọ̀gá yìí kan náà. Owú tí wọ́n fọwọ́ ara wọn dí lẹ́nu, wọ́n wá ń bínú pé kò fọhùn.

Mo tú ṣéènì. Ìdípẹtà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ ká mi léèékánná. Mo gbé owú náà sórí bíríkì méjì, mo fi ọmọ òòlù kàn án díẹ̀ báyìí, ó ké débi pé télọ̀ òdìkejì yọrí síta. Àmọ́ mi ò gba ohùn nìkan gbọ́. Owú lè máa han kí ojú rẹ̀ rọ̀ bí ọṣẹ. Mo fi rúlà irin lé e lójú, àárín rẹ̀ jìn díẹ̀, kò tó nǹkan. Mo wá mú gólí irin tí wọ́n ń yọ lára bẹ́árìn ọkọ̀, mo jù ú sílẹ̀ sí iwájú, ó fò padà bọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dé ọwọ́ mi. Mo jù ú sí àárín, ó fò. Ìgbà tí mo dé igun ẹ̀yìn, ó ta pẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó dùbúlẹ̀. Igun yẹn ti rọ̀, iná ti pa á rí. Ṣé n óò purọ́ torí pé ti bàbá mi ni? Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà síbẹ̀, òòlù kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀. Èyí tó kù, ó ṣeé lò. Ṣé bí aláfojúdi ṣe ń ṣe nìyẹn?

Mo lu irin ààrò náà lórí rẹ̀. Iná kan náà ni èmi àti Ọ̀gá jọ lò, wọn ò wojú mi. Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí oníbúrẹ́dì fi gba irin rẹ̀ lọ, ilẹ̀kùn sì pa dé. Búrẹ́dì tó wà lórí tábìlì yẹn, ibẹ̀ ló ti wá, ẹ bù ú, ó ṣì lọ́wọ́ọ́wọ́. Ọmọ yín ti jẹ ìdajì tiwọn. Ẹ bi wọ́n bóyá ó kan.

Rárá, Ìyá Àgbà. N óò kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀ ọ̀la, bí mo ṣe ń kí wọn lójoojúmọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀bẹ̀ kò sí níbẹ̀. Àwọn ni kí wọ́n mú òòlù, kí wọ́n wá lu owú náà lẹ́ẹ̀kejì, kí oníbúrẹ́dì wà níbẹ̀, kí wọ́n wá sọ èyí tó kú.

Onírin àlòkù ti kọjá lẹ́ẹ̀kan, mi ò dá a dúró. Owú wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé báyìí. Mo ti yọ táyà kúrò lábẹ́ rẹ̀. Bí kò bá jẹ́ kí ẹ sùn lọ́la, ẹ má bínú.