Àmì Méjì Tí Mo Fi Sórí Ọta

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nínú mi, kò jẹ́ kí n jókòó sójú kan. Láti ìjẹta tí Dósù, ọ̀kan nínú àwọn tí mo kọ́ nígbà kan rí, ti wá kí mi nílé mi ní Dowa ni mo ti ń wá ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Mètírì, ìyẹn olùkọ́, ni wọ́n ń pè mí. Mo kọ́ni ní Nàgó, ìyẹn Yorùbá tiwa, nílé ẹ̀kọ́ àwọn tí yóò di ọ̀gá ológun, ní Àjàṣẹ́ níbí. Kí Ìyípadà tó dé, ìyẹn nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba, ìbọn, àwòrán ilẹ̀ àti Faransé nìkan ni wọ́n ń kọ́ wọn. Nígbà tí Ìyípadà dé, wọ́n ní ọ̀gá ológun tí kò lè bá ará oko sọ̀rọ̀ kò tíì mọ iṣẹ́. Bí wọ́n ṣe pè mí nìyẹn.

Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé wa, ti Faransé ni, kò mọ àmì ohùn Nàgó. Gègé bíìkì ni mo fi ń fi àmì sí ìwé kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ ìdánwò bọ́ sí Jímọ̀, mo ń kánjú àtilọ kírun. Àṣẹ tí Dósù máa kà ni pé kí wọ́n kó ọta ìbọn wọlé nítorí òjò: "Ẹ kó ọta wọlé." Ọta yẹn ò gba àmì kankan lórí. Ṣùgbọ́n "ọ̀tá Ìyípadà, ọ̀tá Ìyípadà" ni rédíò ń pariwo ṣáá nígbà náà. Ọwọ́ mi kàn fi àmì méjì sí i ni. Mi ò tún un wò.

Ẹ̀yà Gun ni Dósù, ọmọ àdúgbò Akron, kò gbọ́ Nàgó dáadáa. Ohun tó bá rí ló máa kà. Ó dúró ṣánṣán níwájú àwọn àlejò ìjọba láti Kútọnu, ó kígbe: "Ẹ kó ọ̀tá wọlé!" Àwa tí a gbọ́ Nàgó bú sẹ́rìn-ín. Àlejò kan ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Kàmáráàdì, ta lò ń pè wọlé?"

Wọ́n ní kí n mú ìwé rẹ̀ wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù bà mí! Wọ́n ń mú èèyàn nítorí ọ̀rọ̀ tó kéré ju èyí lọ, ìyàwó mi sì lóyún. Mo gba ìwé náà lọ́wọ́ Dósù, mo dọ́gbọ́n tì í bọ àpò, mo fún wọn ní ẹ̀dà mìíràn tí kò ní àṣìṣe. Dósù wò ó, ó tún un wò. Ó ní, "Mètírì, ojú mi ló tàn mí." Mo ní, "Ó máa ń ṣẹlẹ̀." Èmi! Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, wọ́n ti lé e kúrò nílé ẹ̀kọ́.

Táyà ló wá ń lẹ̀ ní Ouando títí di òní. Ó gbà pé èmi ni mo bẹ̀bẹ̀ tí wọn ò fi tì í mọ́lé. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, gbogbo Iléyá ló ń wá kí mi.

Ìjẹta, ó mú ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin wá, pé kí n kọ́ ọ ní Nàgó kíkọ. Ó ní, "Mètírì, ẹ kọ́ ọ ní àmì dáadáa o, kí ojú má baà tan òun náà."

Ìwé ọjọ́ yẹn ṣì wà lọ́wọ́ mi, nínú páálí bàtà. Ọmọ náà ń bọ̀ lọ́jọ́ Sátidé, Dósù ló sì máa mú un wá. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, ṣé kí n fi ìwé náà lé Dósù lọ́wọ́? Ó ti dàgbà, ara rẹ̀ ò le. Bí mo bá sì tún dákẹ́, ẹnu wo ni mo fẹ́ fi sọ fún ọmọ yẹn pé kó máa ṣọ́ àmì?