Èmi Ni Mo Kọ́ Àwọn Ọ̀bọ Náà

Ẹ má pè mí ní ẹni rere mọ́, ó ti ń rí mi lára. Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi gbé òótọ́ yìí mì, n kò sì ní gbé e wọ sàréè. Ìyàwó àbúrò mi kò fún ọ̀bọ kankan lóúnjẹ rí. Èmi ni.

Èmi ẹ̀ṣọ́ igbó, tí mo fi ọwọ́ ara mi kan pátákó mọ́ ẹnu ọ̀nà pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fún ẹranko igbó lóúnjẹ. Bí àwọn àlejò bá wá wo ọ̀bọ tí wọn kò rí i, wọn a máa kùn sí mi bí ẹni pé mo kó wọn pamọ́ sápò. Ni mo bá ń da búrẹ́dì sí ẹ̀yìn ọ́fíìsì mi, màá sì fi ṣíbí lu ìdérí ìkòkò láti pè wọ́n. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ti lù ú, wọ́n á ya dé, àwọn àlejò á pàtẹ́wọ́, orí mi á wú. Òpònú àgbà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó àbúrò mi sá àgbàdo síwájú ilé rẹ̀ létí igbó. Ẹyẹ ń ṣà á jẹ, ó bá mú ìdérí ìkòkò, ó ń lù ú láti fi lé wọn. Àwọn ọ̀bọ mi gbọ́, wọ́n sì ya bò ó. Nígbà tí wọn kò rí búrẹ́dì lọ́wọ́ rẹ̀, èyí tó dàgbà jù bu ọwọ́ náà jẹ. Ìka méjì lọ.

Ìgbìmọ̀ ìlú jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n ní kí ló dé tó jẹ́ òun ni ọ̀bọ ń sáré tọ̀, bí kì í bá ṣe pé ó ń bọ́ wọn? Ó na ọwọ́ tí wọ́n fi báńdéèjì wé sí mi. Ó ní, "Bùọ̀dá, ẹ̀yin lẹ mọ ìwà ọ̀bọ. Ẹ ṣáà bá mi sọ fún wọn." Òwe ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbẹ̀, mo sì ń wo orí náà bó ṣe ń wọ́. Alága ní, "Ọ̀gá ẹ̀ṣọ́, kí lẹ rí sí i?" Mo ní, "Òfin ò mọ ẹbí." Wọ́n tún kan sáárá sí mi. Èmi ni mo kọ ìwé ẹ̀sùn náà, èmi ni mo fọwọ́ sí i. Wọ́n gba oko etí igbó tí àbúrò mi fi sílẹ̀ fún un kó tó kú, wọ́n sì kọ orúkọ obìnrin náà sára pátákó mi, kí ará yòókù lè fi kọ́gbọ́n.

Inú ń bí mi sí ara mi, ó sì ń bí mi sí ẹ̀yin tí ẹ yí bẹ́ẹ̀dì mi ká yìí. Ìwọ oníbúrẹ́dì, àpò méjì-méjì búrẹ́dì tó ti le lò ń kó fún mi lọ́sẹ̀. Mo ní adìyẹ ni mo fi ń bọ́; adìyẹ mélòó lo bá nílé mi? O wà níbi ìjókòó yẹn, o panu mọ́.

Ẹ yọ pátákó yẹn lónìí. Ẹ dá oko rẹ̀ padà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ má jẹ́ kí àtẹ́wọ́ èèyàn sọ yín di ohun tí mo dà. Ní ti ìdáríjì, kò sí lọ́wọ́ yín. Ẹ bá mi pe ìyàwó àbúrò mi wá láti ilé ìdáná. Láti ìgbà tí àìsàn ti dá mi gúnlẹ̀, òun ló ń fi ṣíbí bọ́ mi, kò sì tíì mọ̀. Ẹ ṣáà jẹ́ kó kọ́kọ́ gbé abọ́ sílẹ̀.