Ẹ̀rọ Tó Ń Bá Ọmọ Mi Mí

Ẹ bá mi gbé Olúwa ga, ẹ̀yin ará. Ṣùgbọ́n mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ ká fi ohùn pẹ̀lẹ́ gbé e ga lónìí, nítorí ìyá kan tó jókòó sáàárín wa.

Èkìtì ni mo ti wá. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé mi dé Àgbádárìgì. Ọmọ ọdún márùn-ún ni Fọlákẹ́, ọmọ mi, nígbà tí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ kọ lù ú. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rọ, lẹ́yìn náà ọwọ́, nígbà tó yá, mímí gan-an di iṣẹ́. Ní ilé ìwòsàn ńlá l'Ékòó, wọ́n dá ihò sí i lọ́rùn, wọ́n ki rọ́bà bọ̀ ọ́, wọ́n sì so rọ́bà náà mọ́ ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí i nínú. Bí iná bá lọ, èmi àti ìyá rẹ̀ á máa fi ọwọ́ tẹ àpò rọ́bà kan tó ń ti atẹ́gùn wọlé fún un, títí ọwọ́ wa á fi kú.

Ọdún méjì la fi gbé inú wọ́ọ̀dù yẹn. Dókítà sọ fún mi pé, "Bàbá Fọlákẹ́, ká ní ẹ ní ẹ̀rọ kékeré tó ń lo bátìrì ni, ẹ̀ bá ti gbé ọmọ lọ sílé. Èyí tó wà níbí, gbogbo aláìsàn ló ni ín."

Níbo ni mo ti fẹ́ rí i? Ẹ̀yin náà mọ bí ìlú ṣe rí lábẹ́ àwọn sójà wọ̀nyí. Mo kọ lẹ́tà títí. Ọ̀gá kan ní ọ́fíìsì wo lẹ́tà mi, ó ní, "Ẹ lọ máa gbàdúrà, bàbá. Ìjọba ò rí oògùn ibà rà, ẹ̀rọ lẹ̀ ń sọ." Mo kí i, mo jáde.

Ọmọ kan wà tó ń jẹ́ Sẹ̀nàmi, ọmọ ìlú Apá nítòsí Àgbádárìgì, ọmọ ọdún méjìlá. Àìsàn kan náà ló ṣe é, ṣùgbọ́n àbúrò ìyá rẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ nínú ọkọ̀ òkun ti bá a gbé ẹ̀rọ kékeré wá láti òkè òkun. Ilé ló ń gbé. Àyẹ̀wò nìkan ló ń bá wá sí wọ́ọ̀dù. Lọ́jọ́ tí Fọlákẹ́ rí i nínú aṣọ ilé ìwé, ó yíjú sí mi. Ó ní, "Bàbá mi, ṣé èmi náà á lọ?"

Lọ́jọ́ kan wọ́n sáré gbé Sẹ̀nàmi dé. Òtútù àyà ni. Ní ọjọ́ kẹta, ó kú. Mo dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, mò ń gbọ́ igbe ìyá rẹ̀. Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́ níwájú Ọlọ́run: kí n tó ronú kan ọmọ tó kú, ẹ̀rọ rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rántí. Ojú tì mí débi pé mi ò lè lọ bá obìnrin náà kẹ́dùn.

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, òun fúnra rẹ̀ ló wá bá mi. Ègùn ni, Yorùbá rẹ̀ kò já geere. Ó ní, "Bàbá Fọlákẹ́, ẹ wá gbé ẹ̀rọ ọmọ mi. Ó ń wò mí nílé."

Mo kúnlẹ̀, mo jẹ́wọ́ ohun tí mo rò lọ́jọ́ náà fún un.

Ó ní, "Mo mọ̀. Mo rí ojú yín ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Tó bá jẹ́ ọmọ tiyín ló kú, ohun tí èmi náà máa rò nìyẹn. Ẹ dìde. Màwù ló mọ inú òbí." Bí wọ́n ṣe ń pe Ọlọ́run nìyẹn ní èdè wọn.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló fi kọ́ wa: bí a ṣe ń fa kẹ̀lẹ̀bẹ̀ kúrò nínú rọ́bà, bí a ṣe ń fọ̀ ọ́, bí a ó ṣe máa ṣọ́ ètè ọmọ kó má dúdú. Nígbà mìíràn, á dúró láàárín ọ̀rọ̀, àwa náà á sì dúró dè é.

Fọlákẹ́ wálé. Ó rí òkun. Ó ń lọ sílé ìwé lórí àga onítáyà tí káfíńtà ìjọ wa kàn fún un, ẹ̀rọ àti bátìrì ọkọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rù ba olùkọ́ rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ní báyìí, òun náà ti mọ àpò rọ́bà yẹn tẹ̀. Ọmọ mi kò rìn. Rọ́bà ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Àwọn kan nínú yín ti ní kí n yọ ọ́ kí ìgbàgbọ́ mi lè pé. Mi ò ní yọ ọ́. Ohun tí Ọlọ́run ṣe fún mi nìyí, mo sì dúpẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ní irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé, ẹ má fi í pamọ́. Ẹ gbé e jáde sí oòrùn. Ẹ jẹ́ kó kàwé, kó bá ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣeré, kó bínú, kó rẹ́rìn-ín. Bó bá sì wọ̀ yín lọ́rùn jù, ẹ ké sí wa.

Ìyá Sẹ̀nàmi ṣì máa ń wá bá wa ní Ọjọ́bọ̀. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bó ṣe ń nu ọrùn ọmọ mi, ó ṣèèṣì pè é ní Sẹ̀nàmi. Fọlákẹ́ dúró kí ẹ̀rọ fún un ní èémí, ó sì dáhùn pé, "Mà."

Ẹ ṣeun, Ìyá Sẹ̀nàmi. Olúwa, o ṣeun.